Ike Ẹlẹ́rìí

"Ẹ fi ẹsẹ̀ mi sílẹ̀, Àǹtí. Ẹ dìde nílẹ̀, ẹ jókòó sórí àga. Ohun tó wà nínú mi yìí, bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, èmi àti ẹ̀ la jọ máa wọlẹ̀ lọ, ilẹ̀ ò sì ní í gbà á."

Báyìí ni Ẹnjiníà ṣe bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Orí ibùsùn ló wà, wọ́n to ìrọ̀rí sẹ́yìn rẹ̀, nítorí bó bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ pátápátá, kì í lè mí dáadáa mọ́. Kíndìnrín rẹ̀ ti kọṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, dókítà kò sì fi igbá kan bọ̀kan nínú fún un: kó ṣètò ilé rẹ̀, kó rí àwọn tó bá fẹ́ rí. Gbogbo ayé ló ń bá a kẹ́dùn. Wọ́n ní obìnrin tó ṣe omi fún ìlú mu, tó kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́, tó gba ọmọ aláìlera sílé láìṣe pé wọ́n jọ tan, irú wọn kì í pọ̀. Bí wọ́n bá ti ń yìn ín báyìí, ṣe ló máa ń kọjú sí ògiri. Àwọn èèyàn rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìrẹ̀lẹ̀ kọ́ o, ẹ̀rù ni.

Ẹni tó kúnlẹ̀ tó ń fi òróró ra á lẹ́sẹ̀ ni Aránṣọ. Obìnrin yìí ju Ẹnjiníà lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀, ìkúnlẹ̀ ló sì fi ń kí i. Ẹnjiníà ti bẹ̀ ẹ́ títí kó jáwọ́ nínú ẹ̀, Aránṣọ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ti ń báni wo ọmọ kì í ṣe àbúrò ẹni mọ́, ó ti di ìyá. Ọmọ tó ń wí náà wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ti di obìnrin gìdìgbà. Ó ń ká aṣọ kan ṣoṣo, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Agbẹnusọ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ á rò pé wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí Agbẹnusọ kì í sọ̀rọ̀. Ó lè ní "wá," ó lè ní "rárá," ó tán.

Ẹnì kẹta tó wà nínú yàrá ni ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ àyíká lábẹ́ Ẹnjiníà. Òun ló tọ́ ọ̀rọ̀ náà jáde láìmọ̀. Ó wá kí olùkọ́ rẹ̀ ni, ó sì ń fi ayọ̀ ròyìn pé ọkàn òun ti balẹ̀ lórí iṣẹ́ ìwádìí òun. Ó ní ọgbọ́n tí Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ lò nígbà tó ń gba oyè tirẹ̀ ni òun máa lò: òun á fún àwọn ilé kan ní asẹ́ omi tòótọ́, òun á sì fún àwọn ilé mìíràn ní ike ẹlẹ́rìí. Inú Aránṣọ dùn nígbà tó gbọ́ orúkọ yẹn. Ó ní òun náà gba ẹlẹ́rìí nígbà náà lọ́hùn-ún, àwọn díẹ̀ ni wọ́n fún. Ibẹ̀ ni ara Ẹnjiníà ti bù máṣọ. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà má lọ, kó jókòó síbẹ̀, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí Ẹnjiníà ń kàwé gba oyè másítà, yàrá kan ló háyà nínú ọgbà tí Aránṣọ àti ọkọ rẹ̀ ń gbé. Lẹ́yìn ògiri ọgbà náà, àwọn ọkùnrin kan wà tó máa ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, wọ́n á yọ́ òjé inú rẹ̀ nínú ìkòkò irin, wọ́n á da pàǹtí tó ṣẹ́kù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òjò á rọ̀, á gbé e wọ inú ilẹ̀. Kànga kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń fà. Omi rẹ̀ pupa, ó ń rùn bí ìṣó tó dógùn-ún. Kò sẹ́ni tó ń mu ún. Wọ́n ń fi fọ aṣọ, wọ́n ń fi fọ ilẹ̀, ó parí síbẹ̀. Tó bá kan ti mímu, ẹnu ẹ̀rọ tó wà ní oríta ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á tò, wọ́n á jà, wọ́n á rù ú padà wálé. Ẹnjiníà dá ọ̀rọ̀ dúró níbẹ̀, ó tún un sọ: wọn kì í mu omi kànga náà. Ó ní kí wọ́n dì í mú, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù dúró lé.

Iṣẹ́ tó fẹ́ fi gba oyè ni asẹ́ tó máa yọ òjé kúrò nínú omi. Eegun màlúù tí a bá sun dúdú, tí a sì lọ̀ wẹ́wẹ́, máa ń fa òjé mọ́ra. Ló bá ń tọ àwọn alápatà lẹ́yìn kiri, ó ń di eegun sínú báàgì tó yẹ kó fi gbé ìwé, ajá àdúgbò ń tò tẹ̀ lé e bọ̀ wálé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Ìyá Eléegun. Aránṣọ rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀rọ̀ débẹ̀, ó ní òun rántí àwọn ajá yẹn, òun ló máa ń fi ìgbálẹ̀ lé wọn. Ẹnjiníà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ̀wé nígbà náà, òun ń kánjú, òun sì gbà pé ẹni tó bá ń ṣe rere fún ọ̀pọ̀ èèyàn lè fi díẹ̀ tàfàlà. Ó ní èrò yẹn gan-an ni èṣù òun, kò sí ẹlòmíràn tó tì òun.

Ó wá tú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí fún Aránṣọ, nítorí kò tíì yé e láti ọdún tó ti ń fọ́nnu nípa rẹ̀. Inú asẹ́ náà, yanrìn wà níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, eegun wà níbẹ̀. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé eegun ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe yanrìn? A ó ṣe ike mìíràn tó jọ ti àkọ́kọ́ délẹ̀, ìdérí kan náà, ẹnu ẹ̀rọ kan náà, yanrìn kan náà, àfi eegun nìkan ni kò ní í sí nínú rẹ̀. Tí òjé bá wà nínú omi èyí, tí kò sì sí nínú omi tọ̀hún, eegun jàre nìyẹn. Nítorí pé àwọn ike aláìléegun yìí ló máa jẹ́rìí fún èkejì, ẹlẹ́rìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n láàárín ara wọn. Wọn kì í sọ ọ́ létí àwọn tó gbà á.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí iṣẹ́ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó pe Ẹnjiníà wọ ọ́fíìsì, ó bi í bóyá àwọn ará àdúgbò yẹn ti ń mu omi kànga náà tẹ́lẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti ń mu ún, ike ẹlẹ́rìí kò fi nǹkan kan kún ìyà wọn. Ṣùgbọ́n bí wọn kò bá mu ún, a jẹ́ pé ọwọ́ ara wa la fẹ́ fi bu májèlé fún wọn, òun kò sì ní í fọwọ́ sí i. Ẹnjiníà kò tilẹ̀ ronú. Ó ní, "Wọ́n ń mu ún, sà." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ní kò ro òun lára rárá. Ó jáde ní ọ́fíìsì, ó ra búrẹ́dì, ó sì jẹ ẹ́ tán kó tó dé ibi tó ti máa wọkọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ike kiri ojúlé, Ẹnjiníà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ni wọ́n jọ ń gbé e. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà Aránṣọ, ẹlẹgbẹ́ yẹn ṣi ẹnu sọ, ó ní, "Ẹlẹ́rìí ló kàn níbí." Aránṣọ gbọ́. Ó bèèrè bóyá ẹlẹ́rìí ni tòun, Ẹnjiníà sì ní bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ló bá di pé Aránṣọ ń yan kiri àdúgbò. Ó ní kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n fún ní ẹlẹ́rìí o, wọ́n wo ojú kí wọ́n tó fún un ni. Obìnrin kan tó gba ike tòótọ́ bínú títí, ó fẹ́ kí wọ́n bá òun pààrọ̀ tòun.

Ẹnjiníà ní kí wọ́n má jẹ́ kí òun fi àìmọ̀ bojú. Ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Yanrìn á gba àwọ̀ pupa, á gba òórùn, òjé á sì jókòó síbẹ̀, ojú kò rí i, ahọ́n kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń lé àwọn èèyàn wọ̀nyí sá fún omi náà ló gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì fi oró náà sílẹ̀ fún wọn. Kò pẹ́ rárá tí wọn kò fi lọ oríta mọ́. Omi mọ́ gaara nínú ilé, ta ló tún fẹ́ lọ jà nídìí ẹ̀rọ? Aránṣọ ń bu tirẹ̀ fún oníbàárà tí òùngbẹ bá ń gbẹ. Ó ń fi se oúnjẹ ọmọ rẹ̀.

Ọmọ náà, nígbà yẹn, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ni, ó ti ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Bí oníbàárà bá dé ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ nínú ọgbà, tó ń béèrè aṣọ, tí ìyá rẹ̀ sì ń sọ pé ó ku bọ́tìnnì nìkan, ọmọ náà á yọrí lábẹ́ máṣíìnì, á ní, "Wọn ò tíì gé e." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín, oníbàárà tó fẹ́ bínú kò ní í lè bínú mọ́. Àwọn oníbàárà yẹn ló sọ ọ́ ní Agbẹnusọ.

Nígbà tó yá, Ẹnjiníà bu omi ilé kọ̀ọ̀kan lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Omi inú ike tòótọ́, òjé inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Omi inú ike ẹlẹ́rìí, òjé inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ fọkàn sí lọ. Èyí tó sì burú jù nínú gbogbo wọn ni èyí tó bù nínú yàrá Aránṣọ. Ẹnjiníà wá ní, "Mo yọ̀, Àǹtí. Ọlọ́run ló rí mi, mo fò sókè." Ó ní bí àárín méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni iṣẹ́ òun máa níyì tó, òun sì rí i pé wọ́n jìnnà síra bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Òun ń dì mọ́ ẹlẹgbẹ́ òun, òun ń jó, òun sì mọ ẹni tó ń mu omi náà.

Ó lè dá a dúró lọ́jọ́ yẹn. Kò dá a dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti sọ pé kí àyẹ̀wò náà gba inú ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, nígbà tí omi kànga bá lọ sílẹ̀ tí oró rẹ̀ sì ki. Bí ó bá kó ike jáde ṣáájú, iṣẹ́ kò pé, oyè á di àmọ́dún. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ni, kí ni ẹ̀ẹ̀rùn kan lè ṣe fún èèyàn? Òun kò sì mu ún o. Tòun, oríta ló ti ń pọn ọ́n, ó sì ń dọ́gbọ́n lọ nígbà tí àwọn ará ọgbà bá ti jáde tán, kí ẹnikẹ́ni má bàa bi í pé kí ló dé.

Ọ̀rọ̀ débí, Aránṣọ yọ téèpù tó fi kọ́rùn, ó ká a mọ́ ìka. Ẹnjiníà ń wo ojú rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ odò dé àyà kò tún lè sọ pé òun fẹ́ ká ṣòkòtò.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn náà, Agbẹnusọ bẹ̀rẹ̀ sí í di ikùn mú. Kò fẹ́ jẹun, kò rí ìgbẹ́ yà, ó ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ń dín kù. Àwọn oníbàárà ní ó ti ń dàgbà ni, ojú ti ń tì í. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n, ó ń wá etí ọ̀já tó fẹ́ so, ni ọmọ bá bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó fi orí gbá etí máṣíìnì. Ká tó wí ká tó fọ̀, gìrì ti ń jà á nílẹ̀. Gbogbo ọgbà sáré dé. Ohun tí wọ́n bá ni ọmọ tó ṣubú, ẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀, àti ìyá tó di ọ̀já mú lọ́wọ́. Kí tún ni wọ́n fẹ́ bèèrè?

Ẹnjiníà nìkan ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń fọyín.

"Ọmọ yẹn ti gan kó tó bọ́, Àǹtí," ló wí. "Ẹ̀yìn yín ni gìrì ti mú un. Ó nà gbọnrangandan, ojú rẹ̀ yí, kò sí ọwọ́ tó lè dì í mú. Ẹ ò ju ọmọ. Ojú mi ló ṣe."

Aránṣọ fẹ́ dìde. Ẹnjiníà ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun parí rẹ̀, nítorí òun kò tíì dé ibi tó burú. Ní ilé ìwòsàn, òun ló tẹ̀ lé wọn lọ, òun ni akọ̀wé ọgbà, òun ló ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Dókítà bèèrè bóyá nǹkan olóró kankan wà nílé tí ọmọ náà ń fara kàn, bí ọ̀dà, bí bátìrì, bí kẹ́míkà. Ẹnjiníà ní kò sí. Nígbà tí dókítà kúrò níbẹ̀, Aránṣọ fà á sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo mọ̀wé. Àtìgbà tá a ti ń mu omi ike yìí ni inú ti ń run ọmọ mi. Ṣé kì í ṣe omi yẹn?" Oògùn wà nígbà náà. Oògùn tó ń fa òjé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wà nínú ilé ìwòsàn yẹn gan-an, bí dókítà bá ti mọ̀ pé òjé ni. Gbólóhùn kan péré ni ọmọ náà nílò. Ẹnjiníà wo ojú ìyá ọmọ náà, ó ní, "Omi kọ́, Àǹtí. Ìṣubú yẹn ni."

Ó gba oyè náà. Aṣọ tó wọ̀ lọ gbà á, Aránṣọ ló rán an, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó dúró ti òun lọ́jọ́ ìṣòro. Ẹnjiníà lọ kó gbogbo ike ẹlẹ́rìí jáde, ó ní ẹnu ẹ̀rọ wọn ń jò, ó gbé èyí tó ní eegun síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fura. Ọkọ Aránṣọ, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, ti ìrìn àjò dé, ó bá ọmọ tó ti yadi. Ìyá ọkùnrin náà ń koná mọ́ ọn lójoojúmọ́ pé irú obìnrin wo ni kò mọ ọmọ pọ̀n. Ọkùnrin náà kó ẹrù rẹ̀, ó lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Aránṣọ ṣì kéré nígbà yẹn, ó ṣì lè bí àwọn mìíràn. Kò bí. Bí ọkùnrin bá dẹnu kọ ọ́, ó máa ń sọ pé òun ti ba ọmọ kan jẹ́, òun kò ní í fi ọwọ́ yìí gbé òmíràn. Ó sọ ọ́ lójú Ẹnjiníà nígbà kan tí wọ́n jọ ń jẹun. Ẹnjiníà gbọ́ ọ, ó sì ń jẹun lọ. Nígbà tó rí iṣẹ́ tó sì kọ́lé, ó gba Agbẹnusọ sọ́dọ̀, ó wá iléèwé fún un. Ẹni tó ti ọmọ sínú kòtò ló wá ń fà á jáde, tó ń gba ẹ kú iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ó sinmi. Èémí rẹ̀ ń ṣe hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀. Ó yíjú sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sorí kodò, ó ní oyè kò burú, ìwádìí kò burú, ṣùgbọ́n kó má gbé ike kankan sílé ẹnikẹ́ni tí òun fúnra rẹ̀ kò bá lè mu nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí Aránṣọ. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹnu mi ò gbà á. Ẹ bú mi, ẹ gbá mi lójú, ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí kí n tó lọ."

Aránṣọ kò di ọwọ́ náà mú. Ọwọ́ tirẹ̀ ló ń wò, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó tún yí i sísàlẹ̀. Ó bèèrè jẹ́ẹ́jẹ́ pé ṣé gìrì ló kọ́kọ́ mú un lóòótọ́. Ẹnjiníà ní gìrì ni. Ó bèèrè bóyá ẹlòmíràn wà láyé tó mọ̀ ọ́n. Ẹnjiníà ní kò sí, òun nìkan ni. Omijé ń já bọ́ lójú Aránṣọ, kò nù ún. Ó ti fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ kórìíra ara rẹ̀, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé òfò ni.

Ó dìde. Ẹnjiníà rò pé pálọ̀ ló ń lọ, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Kò lọ. Ó gbé fóònù rẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, ó ní kó bá òun pe bàbá Agbẹnusọ, kó ní kó máa bọ̀ nísinsìnyí, kó sì mú ìyá rẹ̀ dání, nítorí ìyá náà ṣì wà láyé, ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Ọmọbìnrin náà jáde lọ pè é. Nígbà tó padà wọlé, ó ní wọ́n ti gbéra, ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn díẹ̀.

Ẹnjiníà tún ń bẹ̀bẹ̀, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Aránṣọ fa àga súnmọ́ ibùsùn, ó jókòó, ó gbá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, ó mú un le.

"Ìdáríjì kọ́ ló kàn," ló wí. "Èmi tí mo ti jìyà ẹ̀ tán lo sọ ọ́ fún. Wàá tún un sọ lójú wọn, bó o ṣe sọ ọ́ yẹn, o ò ní í fo ọ̀kankan."

Ojú Ẹnjiníà ti ń pa dé. Aránṣọ mì í lọ́wọ́.

"Máa mí," ló wí. "O ò gbọdọ̀ kú kí wọ́n tó dé."